Ta Ni Ó Ni Ẹja Inú Ọ̀sà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àwa tí a ń gbé ìgboro máa ń fi òwe yìí tu ara wa nínú nígbà tí nǹkan kò bá rọgbọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń gbé etí ọ̀sà mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Lójú tiwọn, ìgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ohun tí ojú ń rí, tí ọwọ́ ń kàn, tí ahọ́n sì ń tọ́ wò ni. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa yọ́ wọ inú ọ̀sà, omi a sì ní iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, odò a kún, a lé iyọ̀ padà sí òkun, omi kan náà a sì di omi tí kò níyọ̀ mọ́. Ibi tí ìgbà ti ń yí omi padà báyìí, ó yẹ kí a béèrè bóyá ìgbà kò lè yí ẹ̀tọ́ ènìyàn lórí omi náà padà pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀kó ni mo fi ṣe ojúlé ọ̀rọ̀ mi. Ìlú náà wà ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ní agbègbè tí Ègùn àti Àwórì ti jọ ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ènìyàn bá kọrí sí gúúsù láti ibẹ̀, ọ̀sà ni yóò kàn. Lẹ́yìn ọ̀sà ni ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí igi àgbọn kún orí rẹ̀. Lẹ́yìn iyanrìn náà ni òkun. Ọ̀sà yìí kò dá dúró. Ní ìwọ̀-oòrùn, ó so mọ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́, èyí tí òun náà so mọ́ adágún Nokoué, tí ó sì ti ibẹ̀ rí òkun ní Kútọnu láti ìgbà tí àwọn Faransé ti la ojú omi síbẹ̀ ní ọdún 1885. Ní ìlà-oòrùn, ó ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ títí ó fi dé ọ̀sà Èkó. Odò Yewá sì ń gbé omi òkè wá láti àríwá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní etí omi yìí, omi orílẹ̀-èdè méjì ni ó ń wò, omi òkun àti omi òjò sì jọ ń du ìjókòó níwájú rẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́, ìkùukùu a bo ojú omi ní òwúrọ̀, ètè a bó, òtútù kì í sì í jẹ́ kí àwọn apẹja tètè fi ẹsẹ̀ kan omi. Nígbà tí ọyẹ́ bá lọ tán, ooru a dé. Omi a fà, bèbè a gùn sí i, òpó tí ó ti rì a yọrí. Ìgbà náà ni ilẹ̀ a gbẹ tó fún yíyan ẹja níta láìsí ìbẹ̀rù òjò. Èéfín ààrò àwọn obìnrin a gba etí omi kan, àwọn ọkùnrin a sì jókòó lábẹ́ igi àgbọn, wọn a máa tún àwọ̀n ṣe. Lọ́nà Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, àsìkò yìí kan náà ni àwọn obìnrin Djègbadji máa ń ha erùpẹ̀ oníyọ̀ jọ láti fi se iyọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Òjò kan péré ti tó láti fọ iyọ̀ inú erùpẹ̀ náà lọ.

Ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà, àkọ́rọ̀ òjò a bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní òkè. Ìjì a kọ́kọ́ jà, eruku a sọ, òórùn ilẹ̀ tútù a gba ìlú. Ọ̀pọ̀lọ́ tí a kò gbúròó láti ọjọ́ yìí wá a bẹ̀rẹ̀ ariwo. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, omi ọ̀sà a pọ́n, bèbè a wọ omi padà. Ìgbà náà sì ni koríko olódòdó àlùkò nì a máa gbilẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí koríko yìí lórí omi Àgbádárìgì, nígbà tí ó ti ọ̀nà Àjàṣẹ́ wọlé. Kò fẹ́ràn iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn a máa dín in kù níbi tí iyọ̀ bá dé, òjò a sì tún sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn bàbá wa sọ pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Wọn kò tí ì rí àlejò tí yóò wá lékè àwọn méjèèjì. Bí ó bá ti tẹ́ ẹní sórí omi tán, ọkọ̀ kì í lè kọjá, àwọn ẹ̀rọ ọkọ̀ a máa há sínú rẹ̀, àwọ̀n a sì fàya.

Láàrin ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò yìí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ẹja ti máa ń di àríyànjiyàn, akájà sì ni ó sábà máa ń fà á. Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ akájà, ọ̀nà ìpẹja kan ni tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn Ègùn, láti Nokoué títí dé ọ̀sà Èkó. Apẹja a gé ẹ̀ka igi púpọ̀, a rì wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ omi níbi tí kò jìn, títí ibẹ̀ a fi dà bí igbó kékeré nínú omi. Bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, ewédò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ a hù sára igi náà. Ẹja a wá jẹ ewédò, a rí ibi fara pa mọ́ fún ẹyẹ àti ẹja ńlá, a sì bímọ síbẹ̀. Ẹpìyà ni ó sábà máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀bọ̀kún náà kì í gbẹ́yìn. Nígbà tí ó bá tó àkókò, apẹja a fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, a fa àwọn igi náà yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì kó ẹja. Ẹja inú akájà máa ń pọ̀ ju ti gbalasa omi lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ aláìlówó. Igi náà a máa jẹrà, a ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀, a sì ní láti máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ olè.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìdájọ́ àwọn baba ńlá wa kún inú èdè fọ́fọ́. Mọ́fíìmù *oní-* ni a fi ń sọ ẹni tí ó ni nǹkan. Ẹni tí ó ni ilé ni onílé, ẹni tí ó ni oko ni olóko, ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni onílẹ̀. Bí a bá wá so mọ́fíìmù yìí mọ́ òkun, ohun tí a rí ni Olókun. Bí a bá so ó mọ́ ọ̀sà, ohun tí a rí ni Ọlọ́sà. Òrìṣà sì ni àwọn méjèèjì. Lóòótọ́, a ń bọ Onílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ènìyàn ti gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ará Èkó tí kò mọ ọmọ onílẹ̀. Èmi kò tí ì gbọ́ ọmọ ọlọ́sà rí. Ó dà bí ẹni pé èdè wa gbà kí ènìyàn ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi omi ńlá sílẹ̀ fún ẹni tí ó ju ènìyàn lọ.

Ẹ tún wo orúkọ tí a ń pe àwọn òṣìṣẹ́ orí omi. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni apẹja: ohun tí ó ń ṣe ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ohun tí ó ní. Ọjà ni a ti ń rí ẹlẹ́ja, ẹni tí a ń na ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí, bí mo ti rí i, ni pé ẹja kì í ní olówó níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń wẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń ní olówó. Akájà ni ó wá da ètò yìí rú, nítorí alákájà ń pe ẹja tí ó wà láàyè, tí ó ń wẹ̀, tí kò sì tí ì fi ọwọ́ kàn, ní tirẹ̀. Ó sì yẹ kí á rántí pé àmì kékeré kan péré lábẹ́ lẹ́tà ni ó ya Ọlọ́sà sọ́tọ̀ kúrò lára ọlọ́ṣà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó sí ipò ti àkọ́kọ́, kí ó ṣọ́ra kí ó má baà di ìkejì.

Ẹjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá a ní apá ibẹ̀ yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ti rì akájà rẹ̀ láti ìparí òjò ọdún tí ó ṣáájú. Ó ń wọ̀nà fún ìgbà tí ẹja yóò tóbi tó, ó sì fẹ́ kó wọn kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n àkọ́rọ̀ òjò kò dúró dè é. Ìjì jà ní òru, ó sì ti ẹní koríko-omi lu akájà náà tí ó fi wó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Omi gbé igi lọ, ẹja náà sì bá tiwọn lọ. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, opó kan tí ó ní ọmọ mẹ́ta dẹ ìgèrè mélòó kan sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìgèrè náà kún dẹ́nu. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ọkùnrin náà ní ẹja òun ni. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. N kò wọ inú akájà yín, n kò sì tú àwọ̀n yín. Ibi tí mo ti ń dẹ ìgèrè láti ọjọ́ tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú náà ni mo dẹ ẹ́ sí." Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé, "Ìyàwó wa, n kò pè ọ́ ní olè. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ni mo fi sin àwọn ẹja yìí. Bí ewúrẹ́ mi bá já okùn tí ó wọ àgbàlá rẹ, ṣé o ó pa á jẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí. Bàbá àgbà tí ó ń dá ẹjọ́ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Igi tí o fi ọwọ́ ara rẹ rì, ibikíbi tí omi bá gbé e dé, igi rẹ ni. Kí ẹni tí ó bá rí i dá a padà fún ọ. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí o wí, o gé etí rẹ̀ ní àmì, àwa náà sì mọ àmì rẹ. Ẹja wo ni o gé etí rẹ̀? Níwọ̀n ìgbà tí akájà rẹ dúró, ẹja wà nílé rẹ. Nígbà tí ilé wó, àlejò lọ." Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí obìnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, ẹja rẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ wó ni aládùúgbò rẹ. O mọ ohun tí ó yẹ kí o ṣe." Obìnrin náà bu ẹja sínú abọ́, ó gbé e fún ọkùnrin náà, ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ yí ojú sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gba abọ́ náà.

Mo ti ro ẹjọ́ yìí síwá sẹ́yìn. Ohun tí a lè fi ta kò ó wà, kò sì yẹ kí a fojú kéré wọn. Èkínní ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwa Yorùbá gbà pé ẹni tí ó bá gbin èbù ni ó ni iṣu. Bí ẹni tí ó sùn ní òru tí akájà ẹlòmíràn wó bá kó èrè, ta ni yóò tún fẹ́ rì igi mọ́? Bí kò bá sì sí akájà, ẹja gbogbo adúgbò ni yóò dín kù, títí kan èyí tí ó ń yà sínú ìgèrè opó. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára. Ṣùgbọ́n ẹja kì í ṣe èbù. Alákájà kò gbin ẹja. Ó tẹ́ ibùsùn fún un ni. Inú omi gbogbo wa ni ẹja náà ti wá, oúnjẹ tí omi gbogbo wa pèsè ni ó sì ń jẹ. Àwọn tí ó ń fi ìwọ̀ àti ìgèrè pẹja sì lè sọ pé ẹja tí ó sá wọ akájà ni kò dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́. Iṣẹ́ ọkùnrin náà fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí iṣẹ́ náà mú wá níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ náà bá ṣì dúró. Kò fún un ní ẹ̀tọ́ lórí omi. Ẹ̀tọ́ tí ó gbọn tó báyìí ni bàbá àgbà náà yà sọ́tọ̀ nígbà tí ó fún un ní igi, tí ó sì fi ẹja dù ú.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn tí yóò sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó ni omi, kí oníkálùkù máa kó ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé òfin tí ọba Justinian ti Róòmù gbé jáde ní ọdún 533 sọ pé afẹ́fẹ́, omi tí ń ṣàn, òkun àti etí òkun jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí ó bá ní olówó púpọ̀, ebi ni ó sábà máa ń pa á. Ohun tí a bá pè ní ti gbogbo ènìyàn láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ti alágbára ni yóò dà. Ní ọdún 1968, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Garrett Hardin, kọ ọ́ pé pápá tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò ní ṣaláì parun, nítorí oníkálùkù yóò máa fi ẹran kún ẹran. Ọmọ ilẹ̀ kan náà, Elinor Ostrom, kọ ìwé ní ọdún 1990 láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ó tọ́ka sí àwọn ìlú àti abúlé tí ó ti ń ṣọ́ omi, igbó àti pápá wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú òfin tí àwọn fúnra wọn ṣe. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009. Ẹni tí ó bá ti wà níbi ẹjọ́ tí mo sọ yìí kò ní kọ háà sí ìwé náà.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí yóò sọ pé kí ìjọba gba omi kí àríyànjiyàn tán. Àríyànjiyàn kò tán. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó fi ọdún púpọ̀ bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ẹni tí ó láṣẹ lórí ọ̀nà omi, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá ìjọba àpapọ̀ láre ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2024. N kò bá ilé ẹjọ́ jà. Ọkọ̀ nílò ìwé àṣẹ, ojú ọ̀nà omi sì nílò alámòójútó. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ńlá náà kò lè sọ fún opó àti alákájà ẹni tí yóò se ẹja ní ọjọ́ náà. Àwọn tí ó mọ ibi tí ìgèrè wà láti ọdún dé ọdún nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Kí wá ni èrò tèmi? Èrò mi ni pé ẹ̀tọ́ tí ó wà lórí omi jẹ́ ẹ̀tọ́ onígbà, òun sì ni ẹ̀kọ́ tí ìyípadà ẹ̀ẹ̀rùn sí òjò ń kọ́ àwọn ará etí ọ̀sà ní ọdọọdún. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ààlà hàn ketekete. Òpó yọrí, ènìyàn lè na ìka sí i pé láti ibí dé ọ̀hún ni tèmi. Bí òjò bá dé, omi a bo òpó, a gbé koríko gba orí ààlà kọjá, a da ẹja alákájà pọ̀ mọ́ ti aláìní. Kì í ṣe pé òjò jalè. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba ohun tí ó yá wa padà, kí ó lè tún un yá wa ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé yíyá ni a yá òun ní nǹkan kì í lò ó bí ẹni tí ó rà á tán.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé èyí kì í ṣe ọ̀nà láti fi ìpọ́njú tu tálákà nínú? Kí a máa sọ fún ẹni tí ó pàdánù iṣẹ́ oṣù márùn-ún pé ìgbà ni? Rárá o. Nínú ẹjọ́ yẹn, ìgbà nìkan kọ́ ni ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ sọ tirẹ̀, ó fún ọkùnrin náà ní igi, ó fún obìnrin náà ní ẹja. Lẹ́yìn tí ẹ̀tọ́ sọ tirẹ̀ tán ni ojú àánú wá gbé abọ́ ẹja. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá àgbà pàṣẹ pé kí obìnrin náà dá ìlàjì ẹja padà, gbèsè ni ìbá jẹ́, ọkùnrin náà ìbá sì gbà á láìdúpẹ́. Nítorí pé ẹja náà jẹ́ tirẹ̀ ni ó ṣe ṣeé ṣe fún un láti fi tọrẹ. Ibi tí a kò bá ti ya ẹ̀tọ́ sọ́tọ̀ dáadáa, a kì í mọ ìgbà tí a ń ṣoore. Ìgbà sì ni ó ń mú kí oore náà bọ́gbọ́n mu: opó mọ̀ pé òjò tí ó kún ìgèrè òun ní ọdún yìí lè gbé ìgèrè náà lọ pátápátá ní ọdún tí ń bọ̀.

Ewu tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni ti àwọn tí ń kó ohun tí òjò kò lè dá padà. Ẹ̀ka igi tí a fi ń ṣe akájà lè dínkù jù bí a bá ń gé igi ẹ̀gbà etí omi láìgbin òmíràn, ibi tí akájà bá sì pọ̀ jù, pẹ̀tẹ́pẹ̀tẹ̀ a máa di ìsàlẹ̀ omi. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ fa iyanrìn nínú ọ̀sà tilẹ̀ burú jù. Iyanrìn tí wọ́n kó lọ kì í bá òjò ọdún tí ń bọ̀ padà. Ibi tí wọ́n gbẹ́ a jìn kọjá ibi tí ènìyàn lè rì igi mọ́. Omi a dàrú, ibùsùn ẹja a bàjẹ́. Ẹni tí ó ń kó o lè ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò sọ ènìyàn di Ọlọ́sà. Àwa ará ìgboro kò sì mọ́ nínú rẹ̀, nítorí ilé wa ni iyanrìn náà ń wá bá. Alákájà àti opó jọ ń jẹ lára omi ni, omi sì ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn wọn. Àwa ń jẹ omi fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá tún bi wá pé ta ni ó ni ẹja inú ọ̀sà, ìdáhùn mi rèé. Ẹja tí ó wà nínú apẹ̀rẹ̀, ti ẹni tí ó pa á ni. Ẹja tí ó wà nínú akájà, ti alákájà ni, níwọ̀n ìgbà tí akájà bá dúró. Ẹja tí ó ń wẹ̀ ní gbalasa kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni lónìí, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ tí yóò pa á ní ọ̀la ni. Kò sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ọ̀la wọn, ìbáà jẹ́ ọba, ìbáà jẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ àwa tí a ń kọ́lé.